Oògùn tí ń Kun Ènìyàn Lóorun àti Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ tó Farapa



Àwọn kan nínú àwọn tí ń lagi, tí ń wakọ̀ tàbí tí ń kọ́lé ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó ń lo oògùn àrùn ọpọlọ, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ wọn bí ó ti yẹ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ènìyàn a máa sọ pé oògùn rẹ̀ ló fà á, pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú. A kò gbọdọ̀ gba èyí gbọ́ láìwádìí.

Kí ni oògùn wọ̀nyí ń ṣe?
Láti ọdún 1952 ni a ti ń fi chlorpromazine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Largactil, tọ́jú àrùn ọpọlọ. Òun, olanzapine àti quetiapine a máa kun ènìyàn lóorun. Wọ́n tún lè mú kí òòyì kọ́ni bí a bá dìde lójijì. Oorun yìí máa ń le jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, àti nígbà tí dókítà bá fi kún ìwọ̀n oògùn. Ọtí, Piriton àti Valium ń dá kún un.

Báwo ni a ṣe ń wádìí ewu náà?
1. Oògùn wo ni, báwo ni ó ti pọ̀ tó, aago mélòó ni aláìsàn lò ó?
2. Aago mélòó ni ó farapa?
3. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni rí i pé ó ń tòògbé?
4. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí kò lo oògùn ló wà níbẹ̀, ǹjẹ́ kò ní farapa? Bí ayùn kò bá ní ìbòrí, tàbí tí ilẹ̀ ń yọ̀, a kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru oògùn.

Kí ni òfin wí?
Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó, kò sọ ọ́ di dandan pé kí òṣìṣẹ́ fi hàn pé ọ̀gá òun ló jẹ̀bi. Ohun tí a ń wò ni bóyá ẹnu iṣẹ́ ni ó ti farapa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọ̀gá létí láàrin ọjọ́ 14. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti ròyìn rẹ̀ fún àjọ náà. Kí ìwé ìbéèrè owó wọlé kí ọdún 1 tó pé.

Iṣẹ́ tiyín
Ẹ tọ́jú páálí oògùn àti káàdì ilé ìwòsàn. Ẹ máa kọ aago tí aláìsàn ń lo oògùn sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé e lọ sí ibùdó ìtọ́jú ìpalára ní Láje, Oǹdó, tàbí ilé ìwòsàn mìíràn, ẹ má ṣe fi oògùn tí ó ń lò pamọ́ fún dókítà. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ má sì ṣe dá oògùn náà dúró fúnra yín nítorí ẹ̀rù owó, kí àìsàn má baà padà dé. Dókítà lè sún un sí alẹ́, ó lè dín in kù, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.