Iṣẹ́ Ìlú Kò Gbọdọ̀ Bá Ààrẹ Lọ

Àwọn àgbà a máa wí pé ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tí ó bá fi orí tì í dópin. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Rotary àti gbogbo ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìlú lóore fi sọ́kàn ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje, nígbà tí ààrẹ tuntun bá gorí àga, tí ìlù ń dún, tí ó sì ń ka iṣẹ́ tí yóò ṣe kí ọdún tó yí po. Ọdún kan péré ni Rotary fún ààrẹ, ìgbà kì í sì í lọ bí òréré. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí ẹni tí ó mọ̀ pé oṣù méjìlá ni òun ní, iṣẹ́ tí a lè tètè fi han àlejò ni ọkàn rẹ̀ sábà máa ń fà sí.

Ìdí nìyí tí a fi ń rí ẹ̀rọ omi tí pátákó rẹ̀ ṣì ń dán, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ti gbẹ. Ohun tí ń pa á kì í tó nǹkan: rọ́bà inú rẹ̀ a jẹ, irin rẹ̀ a dípẹtà, kò sì sí ẹni tí a yan àtúnṣe fún, ni àwọn ìyá wa bá tún gbé garawa wọn forí lé odò. Ó dùn mí púpọ̀. Kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ẹ tọ baálẹ̀ àti ìyálọ́jà lọ, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń pọn omi gan-an, nítorí onílé ni í mọ ibi tí ilé òun ti ń jò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa gba owó táṣẹ́rẹ́ pamọ́, ẹ kọ́ ọmọ ìlú náà ní àtúnṣe, kí ẹ sì yọ owó rọ́bà àti irin sọ́tọ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí àsè ìfilọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ń wá àpẹẹrẹ iṣẹ́ tí kò bá ààrẹ lọ, ẹ wo bí Rotary ti bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà. Ọdún 1985 ni wọ́n dáwọ́ lé e. Ààrẹ àgbáyé tí ó ti jẹ láti ìgbà náà lé ní ọgbọ̀n, wọn kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú nítorí pé ẹlòmíràn ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Jonathan Majiyagbe, agbẹjọ́rò ìlú Kano, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà, ń ṣe ààrẹ láàrin ọdún 2003 sí 2004, ní Kano náà ni ìfura sí àjẹsára àrùn náà ti gbòde tí wọ́n fi dá ẹ̀kán àjẹsára ọmọdé dúró. Ọdún rẹ̀ parí kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò bá a lọ. Ní 2016 àrùn náà tún yọjú ní Borno, àwọn tí ń kán àjẹsára sí ọmọdé lẹ́nu kò sì dẹwọ́ ilé dé ilé, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé irú rẹ̀ ti àbáláyé ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ẹkùn Áfíríkà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ààrẹ tuntun, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó gbẹ́ kànga tiyín, ẹ lọ wo ti èṣí, bí kò bá pọn omi mọ́, ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe.