Ẹ̀KỌ́ KẸTÀLÁ: Ẹ̀KA TÍ Ó DI IGI

Ka àyọkà yìí, kí o sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e.

Gbogbo wa ni a mọ bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́. Yóò gé igi ẹ̀gẹ́ sí kéékèèké, yóò kì wọ́n bọ ilẹ̀, wọn yóò sì hù. Ṣùgbọ́n bí a bá gé ẹ̀ka gúáfà, tí a sì kì í bọ ilẹ̀, ó sábà máa ń gbẹ. Ewé rẹ̀ ń fẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gbòǹgbò tí yóò fi mu omi.

Ǹjẹ́ kí ni a lè ṣe bí igi gúáfà kan bá wà ní àgbàlá wa, tí èso rẹ̀ dùn ju ti gbogbo àdúgbò lọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ gé e nítorí ilé kíkọ́? Bí a bá gbin kóró rẹ̀, èso èyí tí yóò hù lè má dùn bí ti ìyá rẹ̀. Ohun tí ó dára ni pé kí a mú kí ẹ̀ka kan ta gbòǹgbò lórí igi náà kí wọ́n tó gé e. Irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ yóò jọ ìyá rẹ̀ gan-an.

Inú igi ni omi ń gbà gòkè láti gbòǹgbò lọ sí ewé. Ewé ni ó ń pèsè oúnjẹ igi, inú èèpo sì ni oúnjẹ yìí ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá bó èèpo ẹ̀ka kan yíká, omi yóò ṣì máa gòkè, ewé kò sì ní rọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò ní rí ọ̀nà kọjá. Yóò dúró sí etí òkè ibi tí a bó. Bí ọ̀rinrin bá wà níbẹ̀, gbòǹgbò tuntun yóò yọ.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é:

1. Ní àkókò òjò, yan ẹ̀ka tí ara rẹ̀ le, tí ó tóbi tó àtàǹpàkò. Gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni igi. Jẹ́ kí àgbàlagbà wà pẹ̀lú rẹ nítorí ọ̀bẹ.

2. Fi ọ̀bẹ mímú fa ìlà méjì yí ẹ̀ka náà ká, kí àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Bó èèpo àárín wọn kúrò. Má ṣe gé inú igi.

3. Fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ibẹ̀ títí kò fi ní yọ̀ mọ́. Bí o kò bá ha á, èèpo tuntun yóò bo ojú ọgbẹ́, gbòǹgbò kò sì ní yọ.

4. Po ilẹ̀ dúdú mọ́ ewé jíjẹrà, kí o fi omi rin ín. Fi bo ibi tí o bó àti etí rẹ̀ lókè.

5. Fi ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀ wé e. Fi okùn dì í gírígírí lókè àti nísàlẹ̀.

6. Máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá ń gbẹ, ta omi díẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 2 tàbí 3, gbòǹgbò yóò hàn nínú ọ̀rá. Bí o bá rí ẹyọ kan péré, má ṣe kánjú gé ẹ̀ka náà. A kì í já ọmọ lẹ́nu ọmú kí ó tó mọ oúnjẹ jẹ. Nígbà tí gbòǹgbò bá pọ̀, gé ẹ̀ka náà ní ìsàlẹ̀ wọn. Tú ọ̀rá kúrò jẹ́jẹ́, já díẹ̀ nínú ewé rẹ̀, kí o sì gbìn ín sínú garawa tí a lu ihò sí nídìí. Gbé e sí ibòji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ilẹ̀ Jàpáàn, àwọn tí ń tọ́ igi kéékèèké inú àwo, tí à ń pè ní bonsai, ń lo ọgbọ́n yìí pẹ̀lú. Toriki ni wọ́n ń pè é. Igi bonsai kì í ṣe aràrá láti ìbẹ̀rẹ̀. Gígé ẹ̀ka àti gbòǹgbò rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó ga. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà lè fi toriki rí igi tí ìdí rẹ̀ ti nípọn láàárín oṣù díẹ̀, dípò kí ó dúró de kóró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gúáfà wa náà ṣeé tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó ń mú kí ẹ̀ka gúáfà tí a kì bọ ilẹ̀ gbẹ?
2. Ibo ni oúnjẹ igi ń gbà sọ̀ kalẹ̀?
3. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ha ibi tí a bó?
4. Kí ni kì í jẹ́ kí igi bonsai ga?
5. Fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe gbólóhùn: èèpo, ọ̀rinrin, ibòji.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Pẹ̀lú olùkọ́ rẹ, yan ẹ̀ka mẹ́ta lára igi gúáfà kan. Ẹ ṣe wọ́n bí a ti kọ́ ọ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí gbòǹgbò kọ́kọ́ hàn sínú ìwé rẹ.