Wọ́n Ti Ṣiṣẹ́ Abẹ fún Ẹ̀yìn Mi, Kí Ló Dé Tó Ṣì Ń Ro Mí?

Ìbéèrè: Ọjà Ìkòtún ni mo ti ń ta aṣọ ọmọdé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, nítorí ìrora kan tó ń gba ìdí mi sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ òsì. Mo dúpẹ́ pé ti ẹsẹ̀ ti lọ. Àmọ́ ẹ̀yìn ṣì ń ro mí, pàápàá bí mo bá jókòó pẹ́ ní ìsọ̀. Wọ́n tún ya MRI, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ṣé iṣẹ́ abẹ náà ni kò ṣe é? Ṣé kí n gbà kí wọ́n tún un là ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìfaradà. Ohun tó ń dà yín láàmú yé mi: bí àwòrán bá ní kò sí nǹkan kan, kí ló wá ń ro yín? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ló ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀ láìsọ ọ́ síta, ó sì dára tí ẹ sọ ọ́. Ìrora yín kì í ṣe àròsọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n torí rẹ̀ là yín. Láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì ni ohun rírọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní dísìkì. Bó bá yọ síta, ó lè tẹ iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ìrora á sì máa gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yẹn. Kí wọ́n gba iṣan náà sílẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ irú èyí mọ̀ ọ́n ṣe jù. Agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lórí ìrora inú ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Bí ti ẹsẹ̀ bá ti lọ, a jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ yín ti jẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Èyí tó kù ńkọ́? Ẹran tó di ẹ̀yìn mú máa ń rọ nígbà tí èèyàn bá fi ìrora dùbúlẹ̀ pẹ́. Àpá lè wà nínú bó ṣe wà níta. Iṣan tó ti jẹ̀rora fún ìgbà pípẹ́ sì máa ń dà bí ajá tó gbó olè lóru: olè ti lọ, ajá ò tíì dákẹ́. Ohun tí kò lè pa ẹ̀yìn lára, bí ìjókòó wákàtí kan, á tún mú un gbó. Ìdí nìyí tí àwòrán fi lè mọ́ tí ìrora ṣì wà. Eegun, dísìkì àti iṣan ni MRI ń yà, kì í ya ìrora. Torí náà, pé ẹ̀yìn ń ro yín báyìí kò fi hàn pé nǹkan ń bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Ti pé kí wọ́n tún un là: bí àwòrán kò bá fi ohun tuntun hàn, èmi kò ní sọ pé kí ẹ sáré sí i. Iṣẹ́ abẹ kejì kì í sábà ṣe tó ti àkọ́kọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní oṣù Kejìlá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí ìtọ́jú ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́, láìsí iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe torí ẹni tí wọ́n ti là ni wọ́n ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà la ń tọ̀: àlàyé tó yé aláìsàn, ìdárayá, ìwọ́ra, ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ nípa ìrònú ọkàn, àti oògùn bí ibuprofen níwọ̀nba. Wọn kò fọwọ́ sí bẹ́líìtì ẹ̀yìn, wọn kò sì fọwọ́ sí Tramadol àti irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Ìrìn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi títì ńlá sílẹ̀ fún dánfó àti ọ̀kadà. Ẹ rìn ní àdúgbò yín láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́, kí ẹ máa fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bó bá ro yín díẹ̀ tó sì rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ kò ṣe àṣejù. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tó ṣì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ dín in kù, ẹ má dá a dúró.

Ọjọ́ tí ara bá yá gan-an ló máa ń kó àwọn oníṣòwò sí wàhálà. Wọ́n á gbé ẹrù, wọ́n á to ìsọ̀, wọ́n á tún fọ aṣọ tó ti ṣẹ́ jọ, ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e á wá di orí ibùsùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ọjọ́ tó dára àti ti ọjọ́ tí kò dára sún mọ́ra. Ẹ pààrọ̀ àpótí kúkúrú fún àga tó ga tó ní ìfẹ̀yìntì, kí ẹ sì máa dìde dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, oníbàárà wà o, kò sí o.

Àwọn kan lè ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí ẹ lọ mu àgbo ọ̀pá-ẹ̀yìn ní gáréèjì. Ọtí wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá mu ún mọ́ diclofenac tàbí ibuprofen, ó lè mú kí inú máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọgbẹ́ inú kò gbọ́dọ̀ lo oògùn wọ̀nyẹn láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Ìpara Aboniki kò burú bí awọ ara bá ti jinná. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé gun ẹ̀yìn yín láti bá yín tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí tó ń jáde láìmọ̀, bí ojú ara bá kú tipiri, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ sí i, tàbí tí ibà mú yín tí ojú ọgbẹ́ sì ń ṣọyún, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Fún ìdárayá tó bá ẹ̀yìn yín mu, ẹ sọ fún dókítà tó là yín, tàbí kí ẹ lọ sí Alimosho General Hospital ní Ìgándò tó sún mọ́ yín, kí wọ́n kọ̀wé fún yín láti rí onífisiotẹ́rápì. Ilé ìwòsàn eegun ní Igbobi, LASUTH ní Ìkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ẹ̀ka fisiotẹ́rápì. Ẹ kó gbogbo àwòrán MRI dání, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ kúrò ní ilé ìwòsàn, torí onífisiotẹ́rápì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá wọ́n fi irin sí eegun yín kó tó ní kí ẹ tẹ̀ tàbí kí ẹ yí.