Ẹ Gbá Eruku Igi Mú Lẹ́nu Ayùn

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ pákó ní Lomé. Bó bá wálé, ó ń húkọ́, ó ń fọn ikun, ẹ ní òtútù ló mú un. Ó lè má jẹ́ òtútù o. Ẹ bi í pé: eruku igi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ yín, ibo ló ń gbà lọ?

Ìyẹ̀ igi tó tóbi, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, a ó gbá a. Èyí tó kúnná ju ẹ̀lùbọ́ lọ ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Eruku ìrókò àti tíìkì máa ń mú ara yún àwọn mìíràn. Ti ìrókò tún lè fa ikọ́ fée. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn dókítà rí i ní High Wycombe, ìlú àwọn tó ń kan àga ní England, pé jẹjẹrẹ inú imú ń mú àwọn òṣìṣẹ́ náà ju ẹlòmíràn lọ. Ní 1995, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fà á.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà ńbẹ̀. Eruku tó gbẹ, tó fò kún inú ilé, bí iná bá kàn án, á bú gbàmù. Ní 2012, ilé ìlagi méjì bú gbàmù bẹ́ẹ̀ ní British Columbia, ní Kánádà: ọ̀kan ní 20 January, èkejì ní 23 April. Ènìyàn méjì ló kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ro ti ìgbà ọyẹ́ níbí, tí igi ń gbẹ tó ń ké.

Kí la máa ṣe? Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ihò ló ń dí, kì í jókòó kó máa nu ilẹ̀. Ibi tí eruku ti ń jáde ni ká ti gbá a mú.

Ẹ dán èyí wò nílé. Ẹ fẹ́ iná àbẹ́là láti ìwọ̀n apá kan, á kú. Ẹ wá fa afẹ́fẹ́ sínú láti ibẹ̀ náà. Ó kú? Kò kú! Bẹ́ẹ̀ ni páìpù tó ń fa eruku rí. Bó bá fi ìwọ̀n ìbú ẹnu ara rẹ̀ jìnnà sí eruku, agbára rẹ̀ á ṣẹ́ ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ sún un mọ́ ayùn pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ sì fi nǹkan bo ayùn náà yí ká.

Owó iná ńkọ́? Fáànù tó bá dín eré rẹ̀ kù ní ìdá kan nínú márùn-ún, iná tó ń jẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù dé ìdajì. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú páìpù gbọ́dọ̀ máa sáré tó nǹkan bí 20 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀ igi á sùn sínú páìpù, á dí i. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí páìpù kúrú, kó má ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ fi fáànù kékeré fún ẹ̀rọ méjì-mẹ́ta tó wà nítòsí ara wọn, dípò ńlá kan fún gbogbo ilé. Ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ ti ìlẹ̀kùn páìpù rẹ̀, kí ẹ sì máa gbọn àpò asẹ́ déédéé.

Páìpù onírin ni kẹ́ ẹ lò, kí ẹ so wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má baà ta iná. Ìta ni kí àpò náà wà. Ẹ yọ ìṣó kúrò lára igi. Ẹ má fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku kúrò lára aṣọ, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mu sìgá níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbálẹ̀, kó wọ ìbòmú tó lè sẹ́ eruku; aṣọ lásán kò tó.

Ẹ jíròrò èyí lẹ́gbẹ́ yín: ta ló ń húkọ́ nínú àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ igi? Kí la máa kọ́kọ́ bá ọ̀gá wọn sọ? Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.