Àjẹ́ Ké Lánàá

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá dìgírì kejì nínú kẹ́místrì ìwádìí ọ̀ràn ní láti kọ́kọ́ bá a jà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú dé sí Ode-Irele ní ìpínlẹ̀ Ondo. Orí á fọ́ni, ojú á ṣókùnkùn, kí ọjọ́ tó yí po, ó ti parí. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Àyẹ̀wò ló wá tú àṣírí: methanol ni, nínú ògógóró. Bí èèyàn bá mu ún, ara á sọ ọ́ di formic acid, èyí tó máa ń ba iṣan ojú jẹ́. Ojú tó ṣókùnkùn yẹn ti ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ọmọ Ogida ní Benin, tí bárékè ọlọ́pàá wà ládùúgbò rẹ̀, tí Yunifásítì Benin kò sì jìnnà sí, lè rò pé aṣọ funfun inú fíìmù ni iṣẹ́ kẹ́místrì ìwádìí ọ̀ràn. Kó rọra. Kẹ́místrì ìtúpalẹ̀ ni kó kọ́kọ́ mọ̀ dunjú, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ gas chromatograph: ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kékeré á gbóná, atẹ́gùn orí rẹ̀ á gba inú ọ̀pá tín-ín-rín, methanol á jáde, ethanol á tẹ̀lé e. Ọ̀mùtí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ lè ṣe é, bí iná kò bá lọ.

Ìwé kan wà tí fíìmù kì í fi hàn: ta ló gba ẹ̀jẹ̀, aago mélòó, ta ló gbé e fún, fìríìjì wo ló sùn sí. Bí wákàtí méjì bá sọnù níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni lọ́yà yóò ti wọlé.

Iṣẹ́ kò pọ̀. Ilé àyẹ̀wò DNA tí ìjọba Èkó ṣí ní 2017, wọ́n bà á jẹ́ nínú rògbòdìyàn 2020. Kó wo NAFDAC, kó wo NDLEA, kó má sì fojú tín-ín-rín ilé iṣẹ́ tó ń yẹ omi àti epo wò.

Bí ẹ̀rọ kò bá sì rí nǹkan kan, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kódà bí DPO bá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.