Nígbà Tí Àlùfáà Bá Ba Àlùfáà Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Lórúkọ Jẹ́

Ẹ̀kọ́ láti kà: Mátíù 18:15–17, 1 Tímótì 5:19, Jákọ́bù 3:5–6.

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé, ní ìgbà ọyẹ́, kò yẹ kí ènìyàn fi iná sí igbó láì kọ́kọ́ ro etí oko rẹ̀ yíká. Ó lè jẹ́ pé òkìtì koríko kan péré ni ó fẹ́ sun. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá gbé iná náà, oko ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ni yóò jó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ búburú tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan sọ sí èkejì rẹ̀ ní gbangba. Àwọn méjì ni ó ń jà, ṣùgbọ́n ìjọ ni ó ń jóná.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ohùn àlùfáà sì wuwo ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí ẹni tí ó gbọ́ ọ láti orí àga ìwàásù kò ní wádìí rẹ̀ mọ́. Yóò gbé e lọ sí ilé, sí oko àti sí ọjà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́.

Olúwa wa ti fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta lélẹ̀ fún wa. Lọ bá arákùnrin rẹ ní ìkọ̀kọ̀. Bí kò bá gbọ́, mú ẹnìkan tàbí méjì lọ pẹ̀lú rẹ. Bí kò bá sì gbọ́ síbẹ̀, sọ ọ́ fún ìjọ. Ó ṣe ni láàánú pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń gun àkàsọ̀ yìí láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: a kọ́kọ́ sọ fún ìjọ, a wá sọ fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta, arákùnrin náà ni ó sì ń gbọ́ kẹ́yìn, láti ẹnu àwọn ará ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rẹ́ ni John Wesley àti George Whitefield láti ìgbà tí wọ́n wà ní Oxford, àlùfáà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn méjèèjì. Whitefield ni ó pe Wesley wá sí Bristol ní 1739 láti wàásù fún àwọn tálákà ní ìta gbangba. Ní ọdún náà gan-an ni ìyapa dé. Whitefield gbà pé Ọlọ́run ti yan àwọn tí yóò là láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Wesley wàásù lòdì sí i, ó sì tẹ ìwàásù náà jáde.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 1741, àwọn kan tẹ lẹ́tà tí Whitefield kọ sí Wesley ní ìkọ̀kọ̀, láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, wọ́n sì pín in fún àwọn ènìyàn ní ilé ìsìn Wesley ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Wesley wàásù tán, ó sọ fún ìjọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ó ní òun yóò ṣe ohun tí òun gbàgbọ́ pé Whitefield fúnra rẹ̀ ìbá ṣe bí ó bá wà níbẹ̀. Ó sì fa ìwé náà ya. Gbogbo àwọn tí ó gba ìwé náà fa tiwọn ya pẹ̀lú. Ẹ kíyè sí ohun tí kò ṣe: kò bú ẹni tí ó kọ lẹ́tà náà, kò sì dá a lẹ́jọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ro rere sí i.

Síbẹ̀ iná náà kò tíì kú. Ní ọdún kan náà ni a tẹ èsì Whitefield sí ìwàásù Wesley jáde, nínú èyí tí ó tú àṣírí pé Wesley ti ṣẹ́ kèké láti mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a gbọ́ nínú ìyẹ̀wù tí a sì kéde ní ìta lè ba ènìyàn jẹ́ bí irọ́. Whitefield mọ̀ pé òun ṣẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì kí ọdún náà tó parí. Èrò wọn lórí ẹ̀kọ́ náà kò ṣọ̀kan títí di ọjọ́ ikú, ṣùgbọ́n ìfẹ́ padà sí àárín wọn. Nígbà tí Whitefield kú ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1770, Wesley ni ó wàásù ìrántí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kọkànlá.

Ẹnìkan lè béèrè pé: Bí ẹ̀sùn náà bá ń ba iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn jẹ́ ńkọ́? Ṣé kí àlùfáà dákẹ́? Rárá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ wa kọ́ wa ní èyí. Ní oṣù Kẹjọ 1890, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ C.M.S. ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀sùn kan àwọn òjíṣẹ́ adúláwọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, wọ́n sì dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. A kò wí pé kò sí ẹnìkan tí ó ṣẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbé ẹ̀bi àwọn díẹ̀ lé gbogbo wọn lórí. Kò dákẹ́: ojú ìpàdé ni ó ti tako wọn, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi ìjọ sílẹ̀.

Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, ọgbẹ́ náà kò sì tíì jinná. Ìbínú irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn kan ní Èkó dá Ìjọ United Native African sílẹ̀ ní 1891. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 2014, tí ó pé 150 ọdún tí a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, Justin Welby, tọrọ àforíjì ní gbangba lórí ohun tí a ṣe sí i. Ohun tí a sọ ní ọjọ́ díẹ̀ gba 124 ọdún kí a tó tọrọ àforíjì lé e lórí.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà?

1. Má ṣe dáhùn ní ọjọ́ tí o gbọ́ ọ. Sùn lé e lórí, kí o sì gbàdúrà.

2. Lọ bá arákùnrin rẹ kí o tó kọ ìwé. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ wá ni ó bu iyọ̀ sí i.

3. Bí iṣẹ́ tàbí orúkọ àwọn ẹlòmíràn bá wà nínú ewu, béèrè níwájú ìgbìmọ̀ tí ó tọ́ pé kí a kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀, kí a sì dárúkọ ẹlẹ́rìí. Pọ́ọ̀lù kò gba ẹ̀sùn lórí alàgbà láìsí ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta.

4. Má ṣe fi àṣírí àtijọ́ jà.

5. Bí ìwọ ni ó ṣẹ̀, ibi tí o ti sọ ọ̀rọ̀ náà ni kí o ti tọrọ àforíjì. Ohun tí a bà jẹ́ ní gbangba, a kì í tún un ṣe ní kọ̀rọ̀.

6. Ẹ̀yin ará ìjọ, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Ẹ má ṣe jẹ́ afẹ́fẹ́ tí ń gbé iná kiri.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe láti bo ìwà búburú mọ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá jí owó ìjọ tàbí tí ó pa ọmọdé lára, kí a mú un lọ síwájú àwọn tí ó ní àṣẹ láì fi falẹ̀. Ẹ̀sùn tí ó ní ẹlẹ́rìí kì í ṣe ìbanilórúkọjẹ́.

Ìbéèrè: Ta ni mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìtíì bá a sọ ọ́? Ìwé wo ni ó wà lọ́wọ́ mi lónìí tí ó yẹ kí n fà ya?