Àdùnní, "Hǎo" Kọ́ Ni Ìdáhùn Gbogbo Ìbéèrè

Àdùnní mi, mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ láti Guangzhou. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín, kí inú tó wá bí mi. Ẹni tó ń wọ́ ọ lára bi ọ́ pé, "Tòng bu tòng?" Ìwọ ní, "Hǎo, hǎo." Ó tún tẹ̀ ọ́, ó tún bi ọ́, o tún ní "hǎo". Ọmọ mi, ṣé ó ń dùn ọ́ ni wọ́n ń bèèrè, ìwọ ń dáhùn pé ó dára! Kí ni kò ní jẹ́ kó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ bí ẹni ń gún iyán? Oṣù mẹ́jọ rèé tí o ti wà níbẹ̀. O mọ iye owó báàgì àti bàtà lédè wọn, o ò mọ orúkọ ìrora.

Jókòó, bí ẹ̀yìn rẹ bá gbà. Èmi ná ọjà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án kí orúnkún tó ní kí n máa sinmi nílé. Bí nǹkan bá ń dùn ọ́, "tòng" ni. Ohùn rẹ̀ ń já láti òkè bọ̀ sílẹ̀. Bí o bá gbé e sókè gbọọrọ, ó di "tōng", ìyẹn ni pé ọ̀nà là, nǹkan ń ṣàn. Àwọn oníṣègùn wọn máa ń so méjèèjì pọ̀: ibi tó bá là kì í dunni, ibi tó bá ń dunni, ó dí ni. Ìwọ tí o mọ igbá yàtọ̀ sí igba, tí o mọ ìgbà yàtọ̀ sí igbà, àwáwí wo lo ní?

Bí ara bá kàn ń ro ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, "suān" ni. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń lò fún ọsàn tó kan. Ní tiwa, ògì ló ń kan. Ní tiwọn, èjìká náà ń kan. "Qīng yīdiǎn" ni kó rọra, "zhòng yīdiǎn" ni kó tẹ̀ ọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn nìkan ì bá ti gba ẹ̀yìn rẹ là.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́ ànmó, títẹ̀ àti ríra. Ó tún ń jẹ́ tuīná, títì àti gbígbámú. Ní Taiwan, wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ kọ orúkọ tí òyìnbó ń pè é, ó di mǎ shā jī: ẹṣin pa adìẹ! Mo rò pé ìwọ ni adìẹ náà.

O ní o ń lọ sí Tokyo. Àmì méjì tí wọ́n fi ń kọ ànmó ni wọ́n ń kà sí "anma" lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Iṣẹ́ àwọn afọ́jú ni láyé ọjọ́un. Sugiyama Waichi, tó kú ní 1694, afọ́jú ni, ó sì kọ́ àwọn afọ́jú bíi tirẹ̀ níṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti ara wíwọ́. "Massāji" ni wọ́n ń sọ lónìí, tàbí "shiatsu", ìyẹn títẹ̀ pẹ̀lú ìka, tí Namikoshi Tokujirō sọ di olókìkí. Ojúkò tí wọ́n ń tẹ̀, "tsubo" ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìkòkò.

"Katakori" ni èjìká tó le gbagidi. "Katatataki" ni kí ọmọ máa fọwọ́ lu èjìká ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ṣe é fún òṣìṣẹ́, wọ́n ń fọgbọ́n ní kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni. Bí ó bá ń dùn ọ́, kígbe "itai!" Bí o bá fẹ́ kó rọra, "yowaku".

Fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn yẹn lálẹ́ òní. Lẹ́yìn náà, mú bírò, kọ "qīng yīdiǎn" àti "yowaku" sínú ìwé kékeré, kí o fi sínú báàgì rẹ. Má tún dojúbolẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí o fi lè sọ "rọra" lédè ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ.